Ìròyìn ìrìn-àjò Màmá láti Àkúrẹ́ dé Atlanta: wákàtí 13 ni bàálù lò láti Èkó, kì í ṣe 7

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo béèrè níbí bí ìyá mi ṣe máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú bàálù láti Èkó lọ sí Atlanta ní Amẹ́ríkà, tí ẹ sì fún mi ní ìmọ̀ràn. Tíkẹ́ẹ̀tì ní wọ́n á gbéra ní 10:40 alẹ́, wọ́n á dé ní 5:40 àárọ̀. Èmi ka wákàtí 7.

Wákàtí 13 ni. Ẹni tó ní kí n fi 6 kún un ló gbà á. Oṣù Kìíní ni wọ́n lọ, aago tiwa sì fi wákàtí 6 ṣíwájú ti Atlanta nígbà òtútù wọn níbẹ̀. Tó bá di ìgbà ooru wọn, 5 ni. Ọ̀nà náà tó bíi 9,400 kìlómítà, atẹ́gùn òkè sì máa ń dojú kọ bàálù tó bá ń lọ síbẹ̀.

Ìmọ̀ràn pé kí aago ọwọ́ Màmá wà ní aago Nàìjíríà ló ṣiṣẹ́ jù. A ò yí i padà rárá. Mo fi ọ̀dà èékánná pupa kan ojú 8, ìyẹn aago oògùn wọn, dókítà wọn náà fọwọ́ sí i. Bí ọwọ́ aago ṣe kan pupa yẹn, wọ́n gbé oògùn mì, nínú òfurufú níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn pé ká kúrò ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí bàálù máa gbéra, ìdajì ló ṣiṣẹ́. A bá bàálù, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà mú kí ẹsẹ̀ Màmá wú. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà sùn sí Èkó.

Ó ku àbọ̀ wọn ní oṣù Kẹrin: 5 la máa fi ṣírò nígbà náà, atẹ́gùn á sì máa tì wọ́n lẹ́yìn. Ẹ ṣeun gan-an.