Ìtọ̀ ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kátẹ́tà bàbá mi: ṣé ká fi èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ sí wọn lára ni?

Àbíkẹ́_Ìbàdàn béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹni ọdún 82 ni bàbá mi. Pírọ́sítéètì wọn (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) ló wú tó sì fún ojú ọ̀nà ìtọ̀ pa, tí ìtọ̀ fi há mọ́ wọn nínú, ni ọsibítù bá fi kátẹ́tà, ìyẹn rọ́bà tí a ń tì gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọ inú àpò ìtọ̀ kí ìtọ̀ lè ṣàn sínú báàgì, sí wọn lára, wọ́n ní kí a máa lò ó títí iṣẹ́ abẹ yóò fi kàn wọ́n. Ilé ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ti ń tọ́jú wọn.

Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé ìtọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà jò. Aṣọ ibùsùn á tutù rinrin lóru, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí nǹkan gidi kan nínú báàgì. Bàbá a sì máa sọ pé abẹ́ ikùn ń fún àwọn, pé ìtọ̀ ń gbọ̀n àwọn, pẹ̀lú kátẹ́tà lára. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, mo rí i pé nǹkan funfun bí iyanrìn ti lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ yíká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ihò rẹ̀ tán.

Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ní kí a fi èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, kí ó lè dí àyè tí ìtọ̀ ń gbà. Ẹni tó ni kẹ́míìsì tí a ti ń ra oògùn ní kí Bàbá máa lo oògùn apakòkòrò lójoojúmọ́, nítorí pé àyẹ̀wò ìtọ̀ gbé kòkòrò jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara wọn kò gbóná, tí wọ́n sì ń jẹun dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí a tẹ̀ lé? Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wa débi tí a ó fi máa dán gbogbo nǹkan wò.

Ìyá_Nọ́ọ̀sì dáhùn:

Àbíkẹ́, o kú ìtọ́jú Bàbá, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere: má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kátẹ́tà tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ sí wọn lára nítorí jíjò. Kì í sábà jẹ́ pé rọ́bà kéré ni ìtọ̀ fi ń jò. Bálúùnù kékeré kan wà lórí rẹ̀, èyí tí a máa ń fi omi nǹkan bíi mílílítà 10 kún nígbà tó bá wọ inú àpò ìtọ̀ tán, kí ó má baà yọ jáde. Bálúùnù yìí a máa ni àpò ìtọ̀ lára, àpò náà á wá fún ara rẹ̀ gírígírí láti tì í jáde, ìtọ̀ tó wà nínú rẹ̀ á sì gba ẹ̀gbẹ́ já. Bí rọ́bà bá nípọn sí i, tí bálúùnù sì tóbi sí i, ńṣe ni fífún náà yóò máa le sí i, tí ojú ọ̀nà ìtọ̀ yóò sì máa bó. Nọ́ńbà 14 tàbí 16 ló tó ọ̀pọ̀ ọkùnrin (nọ́ńbà yìí ni a fi ń mọ bí rọ́bà ṣe nípọn tó).

Kí o tó ná kọ́bọ̀, fi ọwọ́ tọ rọ́bà náà láti ibi tó ti jáde lára wọn títí dé báàgì. Ṣé kò ká kò níbì kan? Ṣé Bàbá kò sùn lé e lórí? Báàgì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju àpò ìtọ̀ lọ nígbà gbogbo, kí ó má sì fi ara kan ilẹ̀. Ẹ máa da á nù kí ó tó kún kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, bi Bàbá léèrè ìgbà tí wọ́n yàgbẹ́ kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro fún ọmọ láti bi bàbá rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbígbẹ tó bá jọ sínú ìdí máa ń tẹ àpò ìtọ̀ àti rọ́bà, mo sì ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ọjọ́ tí arúgbó bá yàgbẹ́ dáadáa ni jíjò náà ń dáwọ́ dúró. Ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́, omi tó pọ̀ tó, àti oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ bí dókítà bá fọwọ́ sí i, yóò ṣe wọ́n láǹfààní. Bí wọ́n bá ní àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, dókítà ni yóò sọ ìwọ̀n omi tí wọ́n lè mu.

Ẹ fi pílásítà mú rọ́bà náà mọ́ itan wọn, kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó má baà fà bí wọ́n bá na ẹsẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin tí rọ́bà tó ń fà lójoojúmọ́ ya ẹnu ojú ara rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, tí àwọn ará ilé kò mọ̀, nítorí pé ojú ń tì í láti sọ. Ẹ máa yẹ ibẹ̀ wò bí ẹ bá ń wẹ̀ wọ́n. Ọṣẹ àti omi ti tó. Ẹ má fi Dettol kàn án.

Dókítà_Ìtọ̀_Èkó dáhùn:

Mo fọwọ́ sí ohun tí Ìyá Nọ́ọ̀sì sọ. Ọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kátẹ́tà bá fi wà lára, nínú 100 ènìyàn tí ìtọ̀ wọn ṣì mọ́, ó tó 3 sí 7 tí kòkòrò yóò wọ inú ìtọ̀ wọn. Nígbà tó bá fi máa tó oṣù kan, agbára káká ni a ó fi rí ẹni tí kò ní in. Nítorí náà, èsì àyẹ̀wò tó gbé kòkòrò jáde kò sọ pé àìsàn ń ṣe Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ̀ tó ń rùn tàbí tó rú kò tó ẹ̀rí. Bí wọ́n bá ń lo oògùn náà lójoojúmọ́, àwọn kòkòrò tí oògùn ràn ni yóò kú, àwọn tí oògùn kò ràn ni yóò ṣẹ́kù, àti pé lọ́jọ́ tí àìsàn gidi bá dé, oògùn tí apá yín ká kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ di ti ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni ìgbà tí ibà bá dé, tí òtútù ń mú wọn gbọ̀n, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́ kíndìnrín ń ro wọ́n, tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ìtọ̀, tàbí tí iyè wọn ṣàdédé dàrú tí wọ́n ń sọ ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ara arúgbó lè má gbóná rárá, kí àìsàn sì ti wọ̀ ọ́ lára. Bí kátẹ́tà bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lára wọn nígbà náà, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì gba ìtọ̀ fún àyẹ̀wò láti inú tuntun. Ìtọ̀ inú báàgì kò ṣe é fi ṣe àyẹ̀wò.

Iyanrìn tí ẹ rí kì í ṣe ohun kékeré. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Proteus mirabilis ló sábà máa ń fà á: ó ń sọ yúríà (ìdọ̀tí ara tí kíndìnrín ń yọ sínú ìtọ̀) di amóníà, ìtọ̀ á pàdánù kíkan rẹ̀, iyọ̀ kálísíọ̀mù àti ti mágínísíọ̀mù á sì dì, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ihò rọ́bà. Oògùn kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Àfi kí a pààrọ̀ kátẹ́tà kó tó dí. Èyí tí wọ́n fi látẹ́ẹ̀sì (rọ́bà inú igi) ṣe kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ 4; èyí tó jẹ́ sílíkóònù látòkè délẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ 12, ihò rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ jù bí nọ́ńbà wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ti Bàbá bá ń dí ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé. Bí ó bá ń dí lemọ́lemọ́, kí wọ́n ṣe àwòrán àpò ìtọ̀, nítorí pé òkúta lè ti wà níbẹ̀. Bí báàgì bá sì gbẹ fún wákàtí bíi mélòó kan, tí abẹ́ ikùn wú tó sì ń dùn wọ́n, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Mo tún fẹ́ kí ẹ bi dókítà wọn bóyá kátẹ́tà yìí ṣì gbọ́dọ̀ wà. Oògùn bíi tamsulosin máa ń tú ẹnu àpò ìtọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan a lè yọ rọ́bà wò bóyá wọn yóò tọ̀. Kí wọ́n rọra dìde bí wọ́n bá ń lò ó, nítorí ó lè mú kí òòyì kọ́ wọn. Ọjọ́ orí nìkan kò tó láti fi iṣẹ́ abẹ du arúgbó.

Alágbàtọ́_Manchester dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Ohun tí n ó fi kún un ni pé bí iyè Bàbá bá ń dàrú nígbà mìíràn, ẹ má dè wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n má baà fa rọ́bà. Ṣòkòtò tó bo rọ́bà mọ́lẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ fún wọn, pẹ̀lú báàgì kékeré tí a ń so mọ́ ẹsẹ̀ lọ́sàn-án. Ohun tí wọn kò bá rí, wọn kì í sábà fà. Lóru, ẹ so báàgì ńlá mọ́ ìdí báàgì ti ẹsẹ̀ láìyọ ti ẹsẹ̀, kí kòkòrò má baà rí ibi gbà wọlé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pásípọ́ọ̀tù kátẹ́tà, tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tí wọ́n fi í sí, nọ́ńbà rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é, iye omi inú bálúùnù àti ìdí tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ sí. Ìwé ọmọ iléèwé lásán lè ṣe iṣẹ́ yìí. Òun ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ọ̀sẹ̀ tí ti Bàbá máa ń dí.

Àbíkẹ́_Ìbàdàn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àbúrò mi ló bi wọ́n, wọ́n ní ó ti lé ní ọjọ́ mẹ́rin tí àwọn ti yàgbẹ́, a sì ti pe dókítà lórí rẹ̀. A kò ra oògùn apakòkòrò náà. Ìbéèrè kan ló kù: bí ó bá dí lóru, ṣé a lè fi síríńjì ti omi sínú rẹ̀ fúnra wa, tàbí kí a gé ìdí rẹ̀ kí bálúùnù lè rọ̀ kí a sì yọ ọ́?

Dókítà_Ìtọ̀_Èkó:

Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n ni kó ti omi mímọ́ sínú rẹ̀ bí dókítà bá ní kó ṣe é, nítorí pé bí ẹ bá ti tú ibi tí rọ́bà àti báàgì ti so pọ̀, kòkòrò tuntun rí ọ̀nà wọlé nìyẹn, bí ẹ bá sì fi agbára tì í, àpò ìtọ̀ tó ti kún lè fara pa. Bí ẹ bá gé rọ́bà, bálúùnù lè má rọ̀, orí rẹ̀ á sì sá wọ inú, iṣẹ́ abẹ ni yóò wá yọ ọ́. Ẹ fi ọwọ́ tọ rọ́bà náà wò bóyá ó ká, ẹ yí Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ìtọ̀ kò bá sì jáde, ẹ gbé wọn lọ sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́. Ẹ wádìí lọ́sàn-án èwo nínú àwọn ọsibítù tó sún mọ́ yín ló ní kátẹ́tà sílíkóònù nílẹ̀, kí ẹ sì ra ọ̀kan tí kò tíì tú sílé.