Ta ló ń ka iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa?

Atẹ̀wé Ìgbọ̀nà béèrè:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ní ní agbègbè Ìgbọ̀nà níhìn-ín ní Òṣogbo, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi ilé-ìwé gíga, nínú ìpínlẹ̀ yìí àti lẹ́yìn odi rẹ̀, ti máa ń wá tẹ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wọn, kí a sì bá wọn dì í. Ẹni tó bá ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún yóò rí ohun tí kò bá má rí. Iṣẹ́ kan náà ló ń padà wá: àkòrí yí díẹ̀, orúkọ ìlú tí wọ́n ní àwọn ti ṣe ìwádìí yí, ṣùgbọ́n tábìlì inú orí kẹrin kò yí, àṣìṣe tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe nínú ìṣirò náà sì ṣì wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Wọ́n á ní kí n kàn bá àwọn pààrọ̀ orúkọ ojú ewé àkọ́kọ́. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé títẹ̀ àti dídì ni iṣẹ́ tèmi. Síbẹ̀, mo ń rí wọn lẹ́yìn náà nínú aṣọ àgùnbánirọ̀, tí wọ́n ti gba 2:1, èsì oyè tó tẹ̀lé èyí tó ga jù lọ.

Ìbéèrè mi nìyí. Àbíkẹ́yìn mi ti ṣe ìdánwò JAMB, máàkì rẹ̀ kò burú, ó sì fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìṣirò owó. Ìyá rẹ̀ ní kí ó lọ. Àbúrò mi tó jẹ́ mẹ́káníìkì ní kí n fi owó náà kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́, nítorí pé ìwé-ẹ̀rí kò níyì mọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ka ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, kí gan-an ni àwa òbí ń sanwó fún?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òkè-Fíà:

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá atẹ̀wé. Iṣẹ́ olùkọ́ni ní yunifásítì ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, ibi tí ẹ tọ́ka sí gan-an ni ọ̀rọ̀ sì wà. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ayé àtijọ́ ló ní ọpọlọ jù. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, oyè Yunifásítì ìlú London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà, kí ó tó di yunifásítì tó dá dúró ní ọdún 1962. Olùkọ́ tó kọ́ ọmọ nìkan kọ́ ló ń pinnu bóyá ọmọ náà yege. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí wọn kò sì jẹ baba rẹ̀ ní gbèsè kankan, wà lára àwọn tó ń yẹ ìdánwò rẹ̀ wò. A kò sọ àṣà náà nù pátápátá, nítorí pé títí di òní, olùyẹ̀wò ṣì ń wá láti yunifásítì mìíràn ní ìparí ọdún àṣekágbá. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìwádìí síwájú ẹni tó dé láàárọ̀, tó sì fẹ́ padà sílé lọ́la, mélòó ni yóò kà nínú rẹ̀? Yóò ṣí ojú ewé díẹ̀, yóò bi ọmọ ní ìbéèrè kan tàbí méjì, yóò sì fọwọ́ sí i.

Ìlànà NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́rùn olùkọ́ kan má ju 20 lọ nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ó má sì ju 30 lọ nínú ìmọ̀ àwùjọ. Ẹ lọ wo kíláàsì àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́, níbi tí àwọn kan ti ń dúró lójú fèrèsé gbọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn olùkọ́ ń lọ sí òkè òkun nítorí owó oṣù tí kò tó ná, àwọn tó kù sì ń pín iṣẹ́ àwọn tó lọ ṣe. Ìyanṣẹ́lódì tún wà níbẹ̀: láti oṣù kẹta títí dé oṣù kejìlá ọdún 2020, àti láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022. Mo wà lára àwọn tó yanṣẹ́ lódì, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a padà, a ń fi oṣù díẹ̀ ṣe iṣẹ́ odindi sáà, ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ tó ń sáré máa ń gé kúrò sì ni kíka iṣẹ́ ọmọ, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé kò kà á.

Onílé-ìwé, Ògo-Olúwa:

Ẹ ṣeun, bàbá. Èmi ń gba olùkọ́ síṣẹ́, n kì í sì í fi 2:1 yan ẹnikẹ́ni mọ́. Mo máa ń fún wọn ní bébà àti báírò, kí wọ́n kọ lẹ́tà níṣojú mi sí òbí ọmọ tí kò ṣe dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ẹni tó kàwé. Àmọ́ ẹ̀yin atẹ̀wé, ẹ má tìtorí ìyẹn gbọ́ ti àbúrò yín, nítorí pé ẹni tí kò ní ìwé-ẹ̀rí kò lè dé iwájú mi débi pé n ó fún un ní bébà. Ẹ wo ojú tí wọ́n fi ń wo àwọn tó gba HND, ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé gbogboǹṣe, bí wọ́n tilẹ̀ mọ iṣẹ́. Ẹ sì rántí ìparí ọdún 2023, nígbà tí oníròyìn kan fi hàn pé òun gba oyè yunifásítì ní Cotonou láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ìjọba àpapọ̀ sì dá ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Àwọn tó jókòó kàwé níbẹ̀ ní tòótọ́ jẹ nínú ìyà náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Àṣekágbá:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ mi díẹ̀. Àwọn ìwé tó wà ní ilé-ìkàwé wa lórí àkòrí tèmi ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ẹni tí wọ́n bá fún ní àkòrí nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, tí alábòójútó rẹ̀ kì í sì í gbé ìpè, yóò lọ ra ti ẹlòmíràn. Ìyá tó bójú tó iṣẹ́ tèmi dá orí kejì padà fún mi léraléra, yíǹkì pupa láti òkè délẹ̀, mo sì sunkún. Nígbà tí wọ́n wá bi wá ní ìbéèrè lórí ohun tí a kọ, ọ̀rẹ́ mi kan kò lè ṣàlàyé àkòrí tirẹ̀. Máàkì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Atẹ̀wé Ìgbọ̀nà:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá, kí wá ni kí n wò kí n tó sanwó?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òkè-Fíà:

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni kí ẹ wò ju orúkọ yunifásítì lọ, nítorí pé nínú ilé-ìwé kan náà, ẹ̀ka kan lè máa ka iṣẹ́ ọmọ, kí èkejì má kà á. Ẹ béèrè iye olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́, yàtọ̀ sí àwọn tí orúkọ wọn wà lára ilẹ̀kùn. Ẹ ní kí wọ́n fi iṣẹ́ ìwádìí ti ọdún tó kọjá hàn yín. Ojú yín ti mọ àwọn tábìlì náà ju tèmi lọ.

N kò kẹ́gàn iṣẹ́ ọwọ́, pàápàá ní Òṣogbo, níbi tí Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, tí àwọn bíi Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti di ayàwòrán tí ayé mọ̀ láìkọ́kọ́ lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ìṣirò owó ni ọmọ yín fẹ́, ọ̀nà mìíràn sì wà níbẹ̀. Ìdánwò ICAN, àjọ àwọn oníṣirò owó tí òfin ọdún 1965 dá sílẹ̀, wà lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ ọmọ náà rí. Ẹni tó bá ní kírédíìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ láti ATSWA, ìpele ìdánwò àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣirò owó. Kò ní láti dúró de ìgbà tí àwọn yunifásítì yóò gbé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà jáde.