Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ àti Ouidah: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ayẹyẹ ọdún ìgbéyàwó wa ń bọ̀, mo sì ti ṣèlérí fún ìyàwó mi pé a ó jọ lọ gbafẹ́ létíkun. Ọjọ́ mẹ́rin péré la ní láti Èkó. Mo fẹ́ ká dé Àgbádárìgì, ká gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè Benin, ká dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kútọnu, Ganvié tó jẹ́ abúlé orí omi, Ouidah, ká sì kan Grand-Popo. Ìyàwó mi ní òun ò sáré ìje. Ṣé ó lè ṣeé ṣe?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ìyàwó yín ló jàre. Grand-Popo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di Tógò, ẹ fi sílẹ̀. Àgbádárìgì kò sá lọ, ẹ lè lọ lọ́jọ́ Sátidé kan. Àjàṣẹ́ ni kí ẹ sùn, kì í ṣe Kútọnu. Yorùbá lẹ ó fi nájà níbẹ̀, wọn ó sì dá yín lóhùn. Ẹ má ṣàì rí Mọ́sáláṣí Ńlá. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé àti àwọn ọmọ wọn ló kọ́ ọ, ilé gogoro méjì ló wà níwájú rẹ̀. Àlejò á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, àfi tó bá gbọ́ ìrun.

Ìyá Ìbejì: Pásípọ́ọ̀tù àti káàdì yẹ́lò (káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú) ńkọ́? Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ fún yín nílẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá fo òǹtẹ̀ nígbà tó ń lọ, ìgbà àbọ̀ ló máa ṣàlàyé. Ẹ ka owó séfà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ lójú ẹni tó ṣẹ́ ẹ fún yín.

Alájàpá: Ní Ouidah, ilé òjòlá, ìyẹn ojúbọ tí wọ́n ti ń bọ òjòlá, àti ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá kọjú síra wọn. Wọ́n lè gbé òjòlá kọ́ yín lọ́rùn, nítorí náà ẹ ti sọ fún ìyàwó láti ilé! Láti ìgboro dé Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ létíkun, ohun ìrántí àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ, tó kìlómítà mẹ́rin. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ gun ọ̀kadà bọ̀. Tó bá bọ́ sí nǹkan bí 10 oṣù kìn-ín-ní, ọdún Vodun, ìyẹn ọdún àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ni, ẹ tètè gba yàrá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má fo Ganvié o. Abomey-Calavi lẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ dúnàá-dúràá kí ẹ tó wọlé, ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya àwọn obìnrin tó ń tajà nínú ọkọ̀ ní fọ́tò.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ìyàwó mi ti kà á, ó ní òjòlá kankan kò ní kan ọrùn òun. Ṣé ọkọ̀ wà láti Àjàṣẹ́ lọ Ouidah tààrà?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Kútọnu lẹ ó ti pààrọ̀ ọkọ̀. Ẹ tètè jáde, sún kẹẹrẹ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.