Lórí orúkọ "òòfà agbéniròkè" tí a dábàá

Ẹ̀yin alàgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó dábàá pé kí a máa pe ẹ̀rọ tí ó ń fi òòfà ńláńlá oníná gbé nǹkan gba orí irin tí a nà ró ní "òòfà agbéniròkè" ti ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí a dúpẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbé orúkọ náà sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì rí i pé nínú gbígbé, ènìyàn àti òkè tí ó wà nínú orúkọ yìí, kò sí èyí tí ó bá a mu délẹ̀.

Ẹ wo èyí tí ó wà ní Rottweil ní gúúsù Jámánì. Ilé-iṣẹ́ ThyssenKrupp kọ́ ilé gogoro kan síbẹ̀ tí ó ga ní mítà 246, kí wọ́n lè máa dán ẹ̀rọ agbénigòkè wò nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi èyí tí wọ́n sọ ní MULTI han aráyé ní 2017. Kò sí okùn irin kankan tí ó so mọ́ yàrá kékeré tí èèyàn ń wọ̀. Agbára òòfà ni ó fi ń rìn. Ohun tí ó mú wọn sá fún okùn ni pé bí ilé bá ṣe ń ga sí i ni okùn ń gùn sí i, bí ó bá sì ti tó nǹkan bíi mítà 500, okùn náà fúnra rẹ̀ ti di ẹrù tí a ń gbé. Burj Khalifa ní Dubai ga ní mítà 828, síbẹ̀ kò sí ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí ó ń gbéra láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé ṣóńṣó. Èyí tí ó kan orúkọ tí à ń wá jùlọ ni pé, níbi tí ọ̀nà bá ti pàdé, irin tí MULTI ń gùn á yí padà, yàrá náà á sì kúrò ní òòró, á gba ìbú lọ. Nígbà tí ó bá ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ báyìí, "agbéniròkè" kò ní ohun tí ó ń sọ mọ́.

Ní ti ènìyàn, ẹ̀rọ kan wà ní Yunifásítì Leibniz ní Hannover tí kì í gbé èèyàn rárá. Einstein-Elevator ni wọ́n ń pè é. Òòfà á ta àpótí ìwádìí sókè pẹ̀lú eré, lẹ́yìn náà àpótí náà á máa lọ fúnra rẹ̀, á sì tún máa bọ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá 4 tí ohun inú rẹ̀ kò fi ní mọ ìwọ̀n ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí ní òfuurufú. Láàárín àáyá 4 yẹn, òòfà kò gbé e mọ́. Ó kàn ń bá a rìn ni, kí atẹ́gùn má baà fà á sẹ́yìn.

Àwọn kan ti ní kí a kúkú pa "òòfà" tì, nítorí pé fífà nìkan ni ó ń sọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yìí ń fà, ó sì ń tì. Òótọ́ ni pé ó ń ṣe méjèèjì. A to wáyà bàbà tí a ká sí ara ọ̀nà náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, iná sì ń yí ìhà padà nínú wọn léraléra, tí ó fi jẹ́ pé wáyà tí ó wà níwájú ń fa òòfà tí ó wà lára ẹrù, èyí tí ó wà lẹ́yìn sì ń tì í. Ṣùgbọ́n èmi kò rí ìdí tí a ó fi sọ òòfà nù. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni, àwọn ọmọ ilé-ìwé ti fi ọwọ́ ara wọn mú òòfà méjì, wọ́n sì ti rí i pé wọ́n ń ti ara wọn nígbà tí orí kan náà bá kojú ara wọn. Kò sí ẹni tí ó torí ìyẹn pè é ní òòtì.

Ní ti "mọ́tò", orúkọ mìíràn tí a lè fẹ́ yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀rọ yìí, òun gan-an ni n kò lè fara mọ́. Bí a bá kọ mọ́tò, ọkọ̀ ni òǹkàwé Yorùbá yóò rí. Ẹ̀rọ òòfà tí ó wọ́pọ̀, irú èyí tí ó wà nínú fáànù, yípo ni ó ń yí; èyí tí à ń sọ yìí dà bí ẹní tí a ti ká tẹ́lẹ̀ tí a wá tẹ́ gbọọrọ. Nítorí náà, mo dábàá pé kí a pe ti fáànù ní "ẹ̀rọ òòfà ayípo", kí a sì pe tiwa ní "ẹ̀rọ òòfà gbọọrọ", kí ọ̀nà rẹ̀ sì máa jẹ́ "ojú irin olóòró" tàbí "ojú irin oníbùú" gẹ́gẹ́ bí ó bá ti nà. Orúkọ náà yóò bá ti Rottweil mu, yóò bá ti Hannover mu, yóò sì bá ọkọ̀ ojú irin olóòfà tí kì í gòkè rárá mu.

Ó ku ohun tí ó ń gba ẹrù sílẹ̀ bí iná bá lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé gogoro eré ìdárayá, níbi tí àga ti ń já wálẹ̀ láti òkè, òòfà tí kò nílò iná ni ó ń gba eré lára àga náà: bí òòfà bá ti ń fi eré kọjá lára pátákó bàbà, iná á máa yí po nínú bàbà náà, iná yìí ni yóò sì máa tako ìṣubú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbà kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Ẹnìkan pè é ní "òòfà adánidúró". Kì í dáni dúró. Bí eré bá ti ń dínkù ni agbára rẹ̀ náà ń dínkù, kò sì lè mú ohunkóhun dúró jẹ́ẹ́ láéláé, nítorí náà wọ́n ní láti fi bíréèkì mìíràn kún un. "Ìjánu òòfà" ni mo fara mọ́, nítorí pé ẹṣin tí a kó ìjánu sí lẹ́nu ṣì lè máa rìn.