Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọmọ tó mọ̀wé jù ní kíláàsì mi ò fẹ́ ṣe nǹkan kan

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará. Tíṣà máàsì ni mí níbí n'Íbàdàn, Further Maths SS2 ni wọ́n gbé fún mi, àwọn tá a ṣà ni, mẹ́rìndínlógún péré. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, tí mo bá kọ ìṣirò sójú bọ́ọ̀dù, káwọn yòókù tó ṣí ìwé ó ti sọ ìdáhùn, á sì gbà á. Àmọ́ kó mú báírò kọ bó ṣe rí i, ó ti o. Ásáínmẹ́ǹtì, kì í ṣe é. Tẹ́ẹ̀sì tó kọjá 38 nínú 100 ló gbà, ìdáhùn nìkan ló kọ, èyí tó gùn níbẹ̀ kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ti bá a wí, mo ti bẹ̀ ẹ́, ó kàn ń wò mí ni. Ìyá ẹ̀ tó ń ta ata ní Bódìjà wá bá mi ní Fráídè, omi lójú, ó ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti ṣe ọmọ òun ni. Àwọn tíṣà kan ní ká yọ ọ́ kúrò, ọkàn mi ò gbà á. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì: Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ ná.

Tíṣà: Kò ní fóònù sà. Ti ìyá ẹ̀ náà, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí ni.

Ìyá Tóbi: Ẹ má yọ ọ́ o! Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ yẹn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní ọlọ́pọlọ, kò sí èyí tó le fún un rí, wàyí ó ti pàdé èyí tó le, tó bá ṣe é tí kò gbà á ojú á tì í, ṣùgbọ́n tí kò bá ṣe é wọ́n á ní kò kàn fẹ́ ṣe é ni. Nígbà tí mo ń ṣe PGDE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà, wọ́n kọ́ wa níṣẹ́ ìwádìí tí Mueller àti Dweck, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣe l'Amẹ́ríkà ní 1998, wọ́n yin àwọn ọmọ kan pé ẹ mà lọ́pọlọ o, wọ́n yin àwọn kan pé ẹ ṣiṣẹ́ gan-an, nígbà tí èyí tó le dé, àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ ló tètè sú, máàkì wọn sì já wálẹ̀. Ẹ yéé pè é lọ́lọ́pọlọ lójú kíláàsì.

Àlàájà: Ata Bódìjà kẹ̀? Aago mélòó lọmọ yẹn ń jí? Ẹ bi í.

Ẹnjiníà Òkè-Àdó: Àǹtí tíṣà, èmi gan-an ni ọmọ yẹn nígbà yẹn. Tíṣà mi so okùn àti òkúta mọ́ protractor tá a fi ń wọn áńgù, ó ní kí n lọ wọn gíga Cocoa House láti Dúgbẹ̀ láìdé ìdí ẹ̀. Ẹ gba áńgù tẹ́ ẹ fi ń wo orí ilé náà níbì kan, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ wọn ibi tẹ́ ẹ sún dé, ẹ tún gba áńgù. Orí ò lè gbé ìyẹn o, dandan ni kéèyàn kọ ọ́. Mo gbé mítà 131 wá, ilé yẹn ò ju 105 lọ. Inú ohun tí mo kọ ni mo ti wá rí ibi tí mo ti ṣì í. Látọjọ́ náà ni mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Tóbi: Ẹ sì sọ fún un pé WAEC ń fún èèyàn ní máàkì lórí bó ṣe ṣe é, kódà tí ìdáhùn ò bá tọ̀nà.

Tíṣà: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo pè é lónìí, àwa méjì péré. Àlàájà, aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí tẹ̀lé ìyá ẹ̀ lọ já ata, mi ò mọ̀ rárá, ó dùn mí pé mo ti ń bú u pé ó ń sùn ní kíláàsì. Ó wá ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ káwọn yòókù rí 38 yẹn. Ìyá Tóbi, ohun tẹ́ ẹ sọ ni. Mo ti ra okùn, Sátidé la ń lọ Dúgbẹ̀.