Hááfù-táàmù ń bọ̀: ibo la lè kó àwọn ọmọ lọ?

Ọmọ Ìbàdàn, Lewisham
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù kẹjọ lèmi àti ìyàwó mi kó àwọn ọmọ dé Lọ́ńdọ̀nù yìí, ọ̀kan ọdún mẹ́fà, ìkejì ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n fẹ́ gba ìsinmi hááfù-táàmù (ọ̀sẹ̀ kan láàárín táàmù), inú ilé sì ti sú wọn pátápátá. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Croydon náà fẹ́ kó tiẹ̀ wá ká jọ jáde. Níbo lẹ máa ń kó wọn lọ nígbà ìwọ́wé yìí tí kò ní gbọ́n wa lówó gbẹ? Báwo lẹ sì ṣe ń wọṣọ fún wọn? Ẹ̀rù òtútù ń bà mí ju ti owó lọ.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ káàbọ̀, àbúrò mi. Richmond Park ni kẹ́ ẹ lọ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin District line dé Richmond, kẹ́ ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì 371 tàbí 65. Àwọn ọmọ yín ò tíì pé ọdún 11, wọn ò ní sanwó nínú bọ́ọ̀sì, Tube (ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀) àti DLR (ọkọ̀ ojú irin kékeré) bí àgbà tó sanwó bá wà pẹ̀lú wọn.

Àgbọ̀nrín tó wà nínú igbó yẹn lé ní 600. Ọba Charles Kìíní ló mọ odi yí i ká ní 1637 kó lè ríbi dọdẹ. Oṣù kẹwàá yìí gan-an ni àwọn akọ ń bá ara wọn jà nítorí abo. Lọ́dún tá a kọ́kọ́ lọ, aago mẹ́jọ àárọ̀ la débẹ̀, ìrì ṣì bo ilẹ̀. A gbọ́ igbe kan tó wá láti ìsàlẹ̀ ikùn, gbogbo wa dúró gbagidi. Àṣé akọ kan ló ń ké, èémí ń jáde lẹ́nu ẹ̀ bí èéfín, ó ti fi ìwo gbọ́n koríko gbígbẹ sórí bí ẹni wé gèlè. Táyé mi ò tíì gbàgbé ẹ̀ títí dòní.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: ẹ fi ó kéré tán 50 mítà sáàárín yín àti wọn. Ẹ má dúró sáàárín akọ méjì, ẹ má sì dúró sáàárín akọ àti àwọn abo ẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó ń sún mọ́ wọn nítorí fọ́tò, mo sì gbá ọwọ́ àwọn ọmọ mi mú.

Ẹ̀gbọ́n Leeds
Ẹ bá wọn sọ ti eégbọn náà, Ìyá Ìbejì. Ibi tí àgbọ̀nrín bá ti ń jẹko, eégbọn ò ní jìnnà. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò àwọn ọmọ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ yẹ ara wọn wò: ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́ abíyá, ẹ̀yìn etí, ìdí irun. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, kì í tètè hàn, torí náà ẹ fọwọ́ pa á wò. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un nídìí, kẹ́ ẹ rọra fà á sókè tààrà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ fọ́. Bí ara bá lé ròǹdò tàbí ibà bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ pé inú igbó lẹ lọ.

Bàbá Àdùkẹ́, Kent
Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè ṣàì sọ. Ọdún kejì tá a dé, àwọn ọmọ mi ṣa èso kan kún ọ̀rá lábẹ́ igi ẹ̀gbẹ́ títì, ó pọ́n rúsúrúsú, ó ń dán bíi bàtà tí wọ́n fi pólíìṣì kùn. Mo ti ń rí i tí wọ́n ń yan chestnut tà nígboro, mo ní òun náà nìyẹn. Mo ti fi ọ̀bẹ la orí wọn, mo ti tò wọ́n sínú óófù, kí màmá àgbàlagbà tó ń gbé lódìkejì wa tó wọlé wá dá àwo wa padà. Ìyá náà figbe ta. Conker ni, kò ṣeé jẹ! Èébì àti inú rírun ló ń fà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń dà á nù.

Èèpo ẹ̀ lẹ máa fi dá a mọ̀. Ẹ̀gún chestnut jíjẹ pọ̀ lọ súà, ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ẹ ò lè fọwọ́ lásán dì í mú. Èso méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ wọn tẹ́, orí wọn rí ṣóńṣó. Èèpo conker ní tiẹ̀, ẹ̀gún ẹ̀ ò pọ̀, ó kúrú, ó jìnnà síra. Èso inú ẹ̀ rí roboto, kò ní ṣóńṣó. Bí ọmọ bá ti jẹ ẹ́, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n fi ṣeré o, ìyẹn ò burú: wọ́n á dá a lu, wọ́n á fi okùn sí i, wọ́n á máa fi lu ti ara wọn.

Greenwich Park tó sún mọ́ yín ní àwọn igi chestnut tí wọ́n gbìn látọdún 1660 sókè, ara wọn lọ́ bí okùn. Ẹ lọ fi han àwọn ọmọ. Àmọ́ ẹ má ṣa nǹkan kan níbẹ̀, ì báà jẹ́ èso, ì báà jẹ́ olú. Wọn ò gbà á láyè. Ní ti olú, mi ò lè já èyíkéyìí jẹ nílẹ̀ yìí. Èyí tó jọ tilé lè pani.

Ìyá Tèmi, Manchester
Ẹ jọ̀ọ́, a kì í ṣe Halloween nílé wa, àmọ́ àwọn ọmọ fẹ́ lọ oko elégédé. Ṣé ẹlòmíì ń lọ?

Ìyá Ìbejì, Peckham
À ń lọ, ìyá Tèmi. Oko ni oko ń jẹ́. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí ọ̀sẹ̀ hááfù-táàmù máa ń tètè kún. Elégédé ńlá tí wọ́n ń gbẹ́ yẹn kún fómi, kò dùn bíi tiwa. Èyí tí awọ ẹ̀ rí bí eérú, tí wọ́n ń pè ní Crown Prince, ni kẹ́ ẹ mú fún ọbẹ̀. Ẹ fọ kóró ẹ̀, ẹ sá a, ẹ yan án.

Àbúrò mi Lewisham, ní ti aṣọ: ẹ má gbójú lé kóòtù ńlá kan. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó fún mọ́ra, súwẹ́tà, kí jákẹ́ẹ̀tì tí omi ò lè wọ̀ wá gbẹ̀yìn. Bí ọmọ bá sáré tó làágùn, ẹ bọ́ ọ̀kan. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ méjì méjì dání. Ẹsẹ̀ tó tutù ló ń jẹ́ kí ọmọ sunkún, kì í ṣe orí. Fún ìrẹsì, ẹ da omi gbígbóná sínú fúláàsì fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ tó bu jọ̀lọ́ọ̀fù sí i. Á ṣì máa gbóná lọ́sàn-án.

Ẹ tètè jáde. Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù yìí ni wọ́n máa dá aago padà sẹ́yìn, oòrùn á sì ti wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Ẹ̀gbọ́n Leeds
Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ra Family & Friends Railcard, káàdì ẹ̀dínwó ọkọ̀ ojú irin. Ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó àgbà àti 60% owó ọmọ ọdún 5 sí 15. Àgbà mẹ́rin àti ọmọ mẹ́rin lè fi rìn, torí náà ìdílé yín àti ti Croydon lè jọ lo ẹyọ kan, bí ọmọ kan bá ṣáà wà níbẹ̀. Ẹ sì fún wọn ní vitamin D, 10 máíkrógíráàmù lójúmọ́. Oòrùn ibí ò tó fún àwọ̀ wa.

Ọmọ Ìbàdàn, Lewisham
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Sátidé, aago méje àárọ̀ la máa kúrò nílé. Bàtà òjò nìkan la ò tíì rà.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ má rà á. Tàwọn ìbejì mi tó ti kéré sí wọn wà nílẹ̀, nọ́ńbà 12 ti ọmọdé fún èyí ọdún mẹ́fà àti nọ́ńbà 2 fún èyí ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ wá mú un lálẹ́ Fúráìdè.