Lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n gba sọ́fítíwíà tuntun, fíìmù kò ṣeé wò mọ́

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Ìbarà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ nípa tẹlifíṣọ̀n tó ń lo Android bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ wa kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé sọ́fítíwíà tuntun ti dé. Mo fọwọ́ sí i, ó gbà á, ó kú, ó tún tàn, kò sì sí ohun tó fi hàn pé nǹkan kan ti yí padà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni áàpù tí a fi ń wo fíìmù, èyí tí mò ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, kò ti jẹ́ kí a wo fíìmù kankan mọ́. Áàpù náà ń ṣí o. Àwòrán àwọn fíìmù ń jáde, orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ mi wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kódà ìpolówó fíìmù tó máa ń dún fúnra rẹ̀ ń lọ geere. Bí mo bá wá tẹ fíìmù náà gan-an, òbìrí kékeré kan á máa yí láàárín ojú tẹlifíṣọ̀n, á yí títí, òkùnkùn á bo gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ pé fíìmù náà kò lè jáde báyìí, kí n padà wá tó bá yá.

YouTube kò ní wàhálà kankan lórí tẹlifíṣọ̀n yìí, fóònù mi sì ń gbé àwọn fíìmù kan náà jáde láti orí Wi-Fi kan náà, nítorí náà n kò gbà pé dátà ló fà á. Àwọn tó ni áàpù ní kí n lọ bá àwọn tó ṣe tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ṣe tẹlifíṣọ̀n náà ní kí n lọ bá àwọn tó ni áàpù. Ọmọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Òkè-Ìlèwó ní òun lè bá mi dá sọ́fítíwíà àtijọ́ padà sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì dá a lóhùn.

Aládìrẹ, Ìtòkú:

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ lọ sí ibi ètò tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kó padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ohun tí wọ́n ṣe sí ti ilé wa nìyẹn.

Atún-ẹ̀rọ-ṣe, Kútọ̀:

Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa aládìrẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sí ìkẹyìn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, nígbà tí Chromecast ìran kejì, ẹ̀rọ kékeré Google tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n láti fi wo fíìmù, ṣàdédé dẹ́kun iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn káàkiri ayé, Google fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ìwé-ẹ̀rí orí ẹ̀rọ (ohun tí ẹ̀rọ fi ń fi hàn pé òun kì í ṣe ayédèrú), tí wọ́n fi ọdún 10 sí nígbà tí wọ́n ṣe é, ló ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Àwọn tó ti pa tiwọn rẹ́ kó tó di pé àtúnṣe dé ni wọ́n jìyà jù, nítorí wọn kò rí i tò padà.

Nínú gbogbo ohun tí Bàbá kọ, ibi tí ìdáhùn wà ni pé ìpolówó ń ṣiṣẹ́, fíìmù kò sì ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í ti ìpolówó pa, nígbà tí fíìmù tí a ń sanwó fún máa ń wà ní títì látọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín, kí ẹnikẹ́ni má bàa dà á kọ. Lórí Android, ètò tó ń ṣí i ni wọ́n ń pè ní Widevine, Google ló sì ni ín láti ọdún 2010. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, áàpù á bi tẹlifíṣọ̀n léèrè bóyá ó ní kọ́kọ́rọ́ náà àti ibi tó fi pa mọ́. Bó bá wà nínú apá kan ẹ̀rọ gan-an tí àwọn áàpù kò lè yọjú sí, ipò L1 nìyẹn. Bó bá jẹ́ inú sọ́fítíwíà lásán ni, L3 ni. Sọ́fítíwíà tuntun lè da ibi tí kọ́kọ́rọ́ yìí wà rú, kí gbogbo nǹkan yòókù sì máa lọ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, lójú tèmi, àwọn tó ṣe tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, kì í ṣe àwọn tó ni áàpù.

Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo déètì àti aago tẹlifíṣọ̀n náà. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ládùúgbò wa, aago àwọn ẹ̀rọ kan máa ń padà sẹ́yìn, gbogbo ìwé-ẹ̀rí á sì wá dà bí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Bí déètì bá pé, ẹ wọ inú ètò, ẹ wá áàpù fíìmù náà, kí ẹ pa dátà tó kó pa mọ́ rẹ́ (ti áàpù yẹn nìkan o), kí ẹ tún orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín tẹ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ gba áàpù kan tó ń jẹ́ DRM Info, èyí tó ń fi ipò Widevine hàn, láti Play Store, kí ẹ wo ohun tó kọ síwájú «Security Level».

Ní ti ọmọkùnrin Òkè-Ìlèwó, ẹ sọ fún un pé ó ṣeun. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Android ìsinsìnyí kì í gba kí wọ́n dá sọ́fítíwíà àtijọ́ padà sínú wọn. Bí ó bá sì fi agídí ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ (ààbò tí àwọn tó ṣe é fi ti sọ́fítíwíà rẹ̀ pa) kó tó lè ṣe é, ìyẹn gan-an lè sọ L1 di L3.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Ìbarà:

Ọmọ mi, o ṣeun púpọ̀. Déètì pé. Mo pa dátà áàpù náà rẹ́ bí o ṣe wí, fíìmù sì ti ń jáde báyìí, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣú, kò mọ́lẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ rárá. Lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ pàápàá kò já gaara mọ́. DRM Info kọ L3. Ṣé owó tí mò ń san fún àwòrán tó dán ti wọ ìgbẹ́ nìyẹn?

Agbẹjọ́rò, Òkè-Mósàn:

Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fi ọdún 2018 sí lórúkọ, ló gbé àjọ FCCPC kalẹ̀, àjọ náà sì ń gba ẹ̀sùn. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà ná, kí ẹ so ẹ̀dà rìsíìtì yín mọ́ ọn, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo èsì tí wọ́n bá fún yín.

Atún-ẹ̀rọ-ṣe, Kútọ̀:

Bàbá, ó ti hàn gbangba. Kọ́kọ́rọ́ L1 ló ti sọnù nígbà tí sọ́fítíwíà tuntun wọlé, áàpù sì ti gbà láti máa fi L3 ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún yín ní àwòrán tó rẹlẹ̀. Kò sí ohun tí èmi tàbí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lórí rímóòtù tí yóò dá a padà; àwọn tó ṣe tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n lè fi sọ́fítíwíà mìíràn tún un ṣe. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí wọn, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé «fíìmù kò ṣiṣẹ́», nítorí ẹni tó bá kà á yóò tún dá yín padà sọ́dọ̀ àwọn oníáàpù. Ẹ kọ ọ́ pé Widevine bọ́ sí L3 lẹ́yìn tí ẹ gba sọ́fítíwíà wọn, kí ẹ kọ nọ́ńbà sọ́fítíwíà náà sí i, kí ẹ sì ya fọ́tò ojú DRM Info mọ́ ọn.

Bí ẹ kò bá fẹ́ dúró dè wọ́n, ẹ lè ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ ojú HDMI (ihò tí a ń ki wáyà àwòrán bọ̀ lára tẹlifíṣọ̀n), nítorí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ló máa lò, kò sì ní ohun tó ń bá ti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwọn àpótí olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà, èyí tí wọ́n kọ Android TV sí lára tó sì jẹ́ pé Android ti fóònù ló wà nínú rẹ̀, tí Google kò fọwọ́ sí: L3 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Ẹ ní kí olùtajà tan án níwájú yín, kó ṣí DRM Info lórí rẹ̀, kí ẹ tó mú owó jáde.